Ẹni Tó Gbọ́ Ẹnu Kejì

Kí n má parọ́: mo jowú ọmọbìnrin náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ ọ́fíìsì wa, kó tó ṣẹ̀ mí ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ọ̀gá wa ló ń kùn pé fóònù òun kò dún mọ́. Ọmọbìnrin náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ti nǹkan kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fóònù dún. Ọ̀gá wa ní kí gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un, a sì pàtẹ́wọ́. Ọdún méje ni mo ti ń bá ọ̀gá wa obìnrin yìí tún fóònù yẹn ṣe, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

Èmi ni àgbà nínú ọ́fíìsì náà. Mo ti lé lógójì ọdún, ọmọ Festac sì ni mí. Inú fúláàtì tí bàbá mi rí gbà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni èmi àti òun ṣì ń gbé lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì. Àwa ọmọ Festac, ìgbéraga wa kò nídìí. Bí ẹnìkan bá béèrè ilé wa, a ó pe nọ́ńbà àfẹ́níù, a ó pe ti kólóòsì, òpópó kékeré inú rẹ̀, a ó wá dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè kí wa kú oríire. Ọmọbìnrin yìí, Agbójú ló ti ń wá, lẹ́bàá ọjà. Ará Ìwó ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń ta mílíìkì, ṣúgà, tòmátò inú agolo àti ọṣẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Nígbà tí ọ̀gá wa gbà á sí iṣẹ́, oṣù mẹ́fà ló ní òun yóò fi dán an wò. Bàbá rẹ̀ náà sì ti sọ fún un pé oṣù mẹ́fà yẹn lòun fún un: bí wọn ò bá gbà á pátápátá lẹ́yìn rẹ̀, kó padà wá dúró sí ìsọ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti parí nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún wa, tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni tí ẹ̀rù ò bà.

Ọ́fíìsì wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní ẹ́sítéètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ṣọ́ọ̀bù olóògùn ló wà nísàlẹ̀ wa. Iṣẹ́ wa kò le láti ṣàlàyé. Àwọn ìjọ àti àwọn ẹgbẹ́ ń fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, wáàsí, ìwàásù, orin akọrin, a ó fọ ariwo inú rẹ̀, a ó sọ ọ́ di kékeré tí fóònù lásán lè gbà láì jẹ dátà, a ó sì dá a padà. Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Èmi nìkan. Mo máa ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń dárúkọ ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ètò náà kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kankan. Ó jókòó ni, ó ń dúró de ìpè. Bí ohùn kan bá wọlé, ìpè nìyẹn; lójú ẹsẹ̀ ni yóò bí ọmọ kan, ètò kékeré mìíràn tó dá dúró lọ́tọ̀, yóò gbé ohùn náà lé e lọ́wọ́, yóò ní kó lọ ṣe é. Kò ní dúró tì í. Ó ti yíjú sí ẹlòmíràn tó ń kanlẹ̀kùn. Ìyá aránṣọ tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ fi wé: ó ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, ó ń nà án sẹ́yìn fún àwọn tó ń rán, kò sì ní láti dìde. Nígbà tí ọmọ bá parí, yóò pe ìyá, yóò fi nọ́ńbà kan jíṣẹ́. Òdo túmọ̀ sí pé iṣẹ́ yọrí. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn, nǹkan ti bàjẹ́. Mo ní kí ìyá má bí ju ọmọ mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí kọ̀ǹpútà má baà dákú.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹnu méjì. Ẹnu kìíní ló fi ń sọ ibi tó bá iṣẹ́ dé. Ẹnu kejì ló fi ń ráhùn: ohùn já níbí, ariwo pọ̀ níbí, ibí yìí ò yé mi. Mo fi etí ìyá sí ẹnu kìíní. Ti ẹnu kejì, mo fi páìpù sí i, mi ò sì fi etí kankan sí ìdí páìpù náà. Kí ni mo fẹ́ fi ìráhùn ọmọ ṣe? Iṣẹ́ ni mo rán an.

Ọmọbìnrin náà máa ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ló tún ń kúnlẹ̀ fún? Bó bá jẹ́ aláfojúdi, n bá ti rí nǹkan dì mú. Ó ń kúnlẹ̀, ó ń pè mí ní Bọ̀dá, ó ń gbé àga fún mi, ó wá ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan ohun tí mo máa ń fi oṣù kan ṣe. Mo rí i tó ń tẹ kọ̀ǹpútà láì wojú rẹ̀, tó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ. Èmi, ìka mẹ́rin ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka mẹ́wàá kọ́ ọ nílé, nínú yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn. Àgbàlagbà!

Nílé, bàbá mi, tí kò béèrè rí lọ́dún méje bóyá ètò mi ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Ọmọ Agbójú yẹn ńkọ́? Èyí tó já fáfá yẹn?” Mo dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Mo ti ṣe àṣìṣe láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, mo fẹ́ kó bá mi bú u ni.

Nítorí náà, mo pààlà. Mo sọ fún un pé ó lè ṣiṣẹ́ lórí ojú ewé tí àwọn oníbàárà ń rí, àti lórí àtẹ̀jíṣẹ́ tí à ń fi ránṣẹ́ sí wọn, ṣùgbọ́n ibi tí ìyá ti ń bí ọmọ, kó jìnnà sí i. “Má fọwọ́ kan ibẹ̀ o. Èmi ni mo mọ bí mo ṣe gbé e kalẹ̀.” Ó ní, “Mo gbọ́, sà.” Ọ̀gá wa ń gbọ́ láti yàrá rẹ̀, ó sì rò pé mo ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ni.

Ìjàǹbá bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù ààwẹ̀. Ẹgbẹ́ àsàláátù àwọn oníṣòwò kan ní Agbójú ń fi wáàsí ránṣẹ́ sí wa, wáàsí wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, tí wọ́n fi fóònù ògbólógbòó gbà nínú ọjà, tí fáànù àti jẹnẹrétọ̀ ń hó nínú rẹ̀. Bí ọmọ kan bá gba irú wáàsí bẹ́ẹ̀, yóò ṣe é dé ìdajì, yóò sì dúró. Kò kú. Kò sì ṣiṣẹ́. Kò pe ìyá, kò fún un ní òdo, kò fún un ní nọ́ńbà mìíràn. Ìyá ò sì lè mọ̀, torí ìpè ló ń dúró dè, ìpè ò dé. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti pé mẹ́rin, gbogbo ilé ti tì pa nìyẹn. Ìwàásù àwọn oníjọ tó wà lẹ́yìn wọn á máa tò lórí ìlà bí ẹni tó fẹ́ pọn omi níbi tí kò sómi.

Alhaji tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ náà gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa wá lọ́jọ́ kẹta. Ó wà lẹ́nu ààwẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ.

“Ẹ̀gbọ́n, wáàsí wa dà? Àwọn èèyàn ń pè mí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.”

Mo ní, “Fóònù tí ẹ fi gbà á ni kò dáa, Alhaji. Ariwo ọjà pọ̀ jù nínú ẹ̀.”

“Ariwo ọjà? Ọjà la wà! Ṣé kí a lọ máa ṣe wáàsí nínú igbó ni?”

Ọmọbìnrin náà ti sáré gbé àga fún un. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀rọ ló ń yọ wá lẹ́nu, kì í ṣẹjọ́ Bọ̀dá. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀.”

Alhaji rọlẹ̀. Ó gbàdúrà fún un, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Inú bí mi débi pé mo jáde lọ dúró sí bálíkónì. Ta ló ní kó gbèjà mi? Ìgbà wo ni mo di ẹni tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ń bá bẹ̀bẹ̀? Mi ò wá ronú pé àṣìṣe mi ló ń fi pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, kójú má baà tì mí lójú oníbàárà.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá bá mi nídìí tábìlì mi. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ẹnu kejì ọmọ yẹn, ta ló ń gbọ́ ọ?”

“Ẹnu kejì wo?”

“Èyí tí wọ́n fi ń kọmpléènì. Mo rò pé bóyá…”

“Bóyá kí ni? Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi kọ?”

“Rárá o, sà. Ẹ má bínú.” Ó padà sí àyè rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìbéèrè náà dáa. Bí èèyàn bá ń jowú, ohun tó dáa ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Òun náà ló fi ń ṣe ìbínú.

Ohun tí èmi wá ṣe, mo gbé aago lé àwọn ọmọ lórí. Ọmọ tí kò bá parí láàárín wákàtí kan, kí ìyá pa á. Ó rọrùn. Ilé ò tì pa mọ́, ìwàásù àwọn oníjọ ń jáde. Wáàsí Agbójú nìkan ni kò jáde: bí ọmọ tó gbà á bá ti dúró, aago á lù, ọmọ á kú, àtẹ̀jíṣẹ́ á lọ bá Alhaji pé iṣẹ́ kò yọrí. Mo sọ fún ọ̀gá wa pé mo ti tún un ṣe. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì.

Kí n sọ̀rọ̀ nípa fáìlì yẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá wa náà, bíi bàbá mi. Fáìlì ló gbàgbọ́. Fáìlì oníbàárà, fáìlì òṣìṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ wa gan-an ní fáìlì tirẹ̀. Ó máa ń wí pé ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí oṣù mẹ́fà ọmọbìnrin náà ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó pè mí wọlé. “Ìwọ lo bá a ṣiṣẹ́. Kọ ọ́ wá fún mi: ṣé kó dúró, àbí kó máa lọ. Ohun tí o bá kọ ni n ó fi sí fáìlì.”

Mo gbé ìwé náà lọ sílé, mo gbé e padà wá. Mi ò kọ nǹkankan sí i fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀rí ọkàn mi ń sọ pé kó dúró, gbogbo ara mi yòókù ń sọ pé kó máa lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, wáàsí Agbójú jáde. Gbogbo rẹ̀. Mẹ́sàn-án ló ti tò pọ̀, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló jáde, tónítóní, ariwo fáànù ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Alhaji pe ọ̀gá wa lórí fóònù pé kó bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ọmọbìnrin náà, ẹ gbọ́ o, kì í ṣe lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n! Ó tún fi páálí dàbínù, èso tí wọ́n fi ń ṣínu, ránṣẹ́ sí i. Ọmọbìnrin náà pín in kárí ọ́fíìsì, ó sì kó èyí tó pọ̀ jù sórí tábìlì mi. Mi ò jẹ ẹyọ kan.

Mo mọ̀ pé òun ló ṣe é. Mo mọ̀ bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ẹnìkan ti wọ yàrá òun. Ó ti fọwọ́ kan ibi tí mo ní kó má fọwọ́ kàn. Inú mi sì dùn, Ọlọ́run ló mọ̀, inú mi dùn gidi gan-an: mo ti rí nǹkan dì mú. Mo jókòó, mo kọ ìwé náà láì dá ọwọ́ dúró. Mo kọ pé ọmọ náà gbọ́n, ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn. Mo kọ pé mo kìlọ̀ fún un lójú gbogbo ayé, ó sì gba ẹ̀yìn mi yí iṣẹ́ mi padà. Mo kọ pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ mi lónìí yóò ṣe é sí owó ilé-iṣẹ́ lọ́la. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, n kì bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ nípa ọmọ mi.

Ọjọ́ Ajé, ọ̀gá wa pe ìpàdé. Ó ní ẹ̀sùn ńlá nìyí, òun ò lè fi sí fáìlì láì rí ẹ̀rí. Kò ṣòro. Gbogbo àtúnṣe tí a bá ṣe sí ètò náà ni kọ̀ǹpútà ń kọ sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, ohun tó yí padà, àti orúkọ ẹni tó yí i padà. Èmi kì í wo àkọsílẹ̀ náà. Kí ni mo fẹ́ wò nínú iṣẹ́ tí mo mọ̀ dórí? Mo gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n ara ògiri, níwájú gbogbo wa. Ọmọbìnrin náà jókòó lọ́wọ́ ìkángun, ó ká ọwọ́ jọ lórí itan.

Àtúnṣe náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìlà márùn-ún péré. Orúkọ mi ló wà níwájú rẹ̀.

Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Mo sún àkọsílẹ̀ náà sókè. Orúkọ mi. Mo tún sún un. Ojú ewé tuntun fún oníbàárà, orúkọ mi. Àtẹ̀jíṣẹ́ ní èdè Yorùbá, orúkọ mi. Oṣù mẹ́fà gbáko, orúkọ mi, lórí iṣẹ́ tí mi ò fojú kàn rí. Ìgbà yẹn ni mo rántí. Lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó ti bi mí pé orúkọ ta lòun yóò máa fi sí iṣẹ́. Mo dá a lóhùn pé ọmọ-iṣẹ́ kì í lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ aṣọ tí ọ̀gá gé. Mo kàn fi gún un lára ni, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Òun gbà á bí ọ̀rọ̀ àgbà, ó sì ń pa á mọ́.

Ọ̀gá wa yọ awò ojú rẹ̀. “Àkọsílẹ̀ ní ìwọ lo ṣe é. Ìwọ ní òun ló ṣe é. Èwo ni ká gbàgbọ́?”

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Mo ní láti sọ pé òun ló ṣe é, òun ló ṣe gbogbo rẹ̀, èmi ni mo ní kó kọ orúkọ mi. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, gbogbo ọ́fíìsì yóò mọ̀ pé ọmọ oṣù mẹ́fà fi ìlà márùn-ún tú ohun tí ọlọ́dún méje ò rí tú. Mo ní, “Ó ṣeé ṣe kí n ti gbàgbé, mà. Iṣẹ́ pọ̀.”

“Ẹ̀sùn ti parí nìyẹn,” ni ọ̀gá wa wí. “O kú iṣẹ́. O ṣe é dáadáa, Alhaji ò tíì dákẹ́ ọpẹ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọbìnrin náà pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá wa wá yíjú sí i. Ó bá àkọsílẹ̀ náà lọ sókè, ó bá a lọ sísàlẹ̀. “Ìwọ ńkọ́? Láti oṣù mẹ́fà, mi ò rí orúkọ rẹ lójú kan. Kí lo wá ń ṣe níbí?”

Ó wò mí. Kò bínú, kò bẹ̀bẹ̀; ó kàn wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé àgbà ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé mi ò sọ̀rọ̀, ó ní, “Bọ̀dá ló ń kọ́ mi níṣẹ́, mà.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Èmi ni ọ̀gá wa ń bi. “Ṣé ó ń ṣe nǹkan?”

Mo ní, “Ó ń gbìyànjú, mà.”

Wọ́n san owó oṣù rẹ̀ fún un ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ní kó máa lọ. Ó kí gbogbo wa kárí, ó kúnlẹ̀ níwájú mi bó ṣe máa ń kúnlẹ̀, ó ní kí n máa rántí òun nínú àdúrà. Nígbà tó lọ tán ni mo tó ráyè ka ìlà márùn-ún náà. Ó ti fi etí sí ẹnu kejì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páìpù tí mo fi sí ẹnu yẹn ní ìwọ̀n tó lè gbà. Bí wáàsí bá gùn, tí ariwo inú rẹ̀ pọ̀, ọmọ á ráhùn títí páìpù á fi kún, kò sí ẹni tó ń gbọ́n ọn, ọmọ ò sì lè ṣe nǹkan mìíràn títí wọn ó fi gbọ́ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀. Kò ṣàìsàn. Ó ń sọ̀rọ̀ ni. Èmi sì ti ń pa wọ́n ní wákàtí-wákàtí. Mo ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo sì ń jowú síbẹ̀, kí n sọ òótọ́, mo jowú ìlà márùn-ún.

Kò tó oṣù kan, ẹ̀sín dé. Nígbàkígbà tí a bá pa ìyá láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀, àwọn ọmọ tó bí kì í mọ̀ pé ìyá ti lọ. Wọ́n á máa bá iṣẹ́ lọ láì ní ẹni tí wọ́n ń jíṣẹ́ fún. Ìyá tuntun á dé, á bí ọmọ mìíràn, á gbé ohùn kan náà fún un. Ọmọ méjì á wá máa kọ sínú ìwé kan náà, ìwàásù pásítọ̀ á gun ara rẹ̀ lórí, àmín á ṣáájú àdúrà. Ọ̀gá wa ò bínú. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ìyẹn ló burú jù. “Ìwọ tí o tún ti Agbójú ṣe, kí ni èyí jẹ́ lójú rẹ? Tún un ṣe fún mi kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.”

Mo gbìyànjú Ajé, mo gbìyànjú Ìṣẹ́gun, mo gbìyànjú Ọjọ́rú. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé láptọ́ọ̀pù sínú àpò, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà Agbójú.

Ìsọ̀ bàbá rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọmọbìnrin náà dúró láàárín páálí mílíìkì, ó ń dá oníbàárà mẹ́ta lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn ń pe orúkọ rẹ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: owú tún jẹ mí, nínú ọjà, nítorí ọṣẹ àti ṣúgà. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí mi. Nígbà tó gbọ́ ẹni tí mo jẹ́, ó dìde lórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba tèmi.

“Ẹ̀yin ni ọ̀gá ọmọ mi! Ó ń ròyìn yín. Ó ní ẹ kọ́ òun dáadáa, pé àyè ni kò sí. Ẹ ṣé gan-an o. Tọkàntọkàn lẹ fi tọ́ ọ.”

Mo ti wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Mo gbé e mì. Ọkùnrin náà fi agolo mílíìkì kan lé mi lọ́wọ́, ó ní tèmi ni.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ìsọ̀. Mo sọ ohun tó ń ṣe ètò náà. Kò jẹ́ kí n parí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó gbé láptọ́ọ̀pù náà lé orí páálí ṣúgà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, láì wojú rẹ̀, ó ń sọ fún obìnrin kan pé ọṣẹ aláwọ̀ ewé ti tán. “Kí ìyá tó jáde, Bọ̀dá, kó sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Kó dúró gbọ́ tẹnu ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn. Tí wọ́n bá ti dáhùn tán, kó wá lọ.” Ìgbà tí mo fi ka agolo tó wà lórí pẹpẹ kan, ó ti dán an wò, ó ti ṣiṣẹ́.

Ó kù kó fi í pamọ́. Ó ti ń tẹ orúkọ mi sí i. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, “Kọ orúkọ tìẹ.”

Ó wò mí, ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín, ẹ̀rín tí kò ní ìbínú nínú rárá.

“Ṣé mo ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni, Bọ̀dá?”

Ó tẹ orúkọ mi tán. Ó pa láptọ́ọ̀pù náà dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì yíjú sí obìnrin tó ń béèrè iye tòmátò.